Bí ẹ́ńjìnnì bá gbiná: Ẹ̀kọ́ tí awakọ̀ hẹlikọ́pítà lè kọ́ àwọn oníṣòwò Òkè-Ògùn

Kì í ṣe ojú ọ̀run nìkan ni ewu hẹlikọ́pítà wà. Lọ́jọ́ 2, oṣù kejì, ọdún 2019, eruku bo ojú àwọn tó wa hẹlikọ́pítà tó gbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, igbákejì ààrẹ nígbà náà, bí wọ́n ṣe fẹ́ balẹ̀ ní Kàbà, ìpínlẹ̀ Kogí. Ẹ̀gbẹ́ ni bàálù náà fi lélẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó wà nínú ẹ̀ ló jáde láàyè.

Eruku nìyẹn. Ohun mìíràn táwọn awakọ̀ ń bẹ̀rù lórí ilẹ̀ ni iná, pàápàá tí wọ́n bá ń sítáàtì. Bí bátìrì ò bá lágbára, ẹ́ńjìnnì ò ní í yí dáadáa, afẹ́fẹ́ ò ní í tó, ooru á sì ru kọjá ààlà. Ìdí nìyẹn tí ojú awakọ̀ kì í fi í kúrò lára aago tó ń wọn ooru. Tí nǹkan bá fẹ́ bàjẹ́, epo ló kọ́kọ́ máa ń tì, á wá jẹ́ kí sítátà ṣì máa yí ẹ́ńjìnnì, kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ iná náà dànù. Bí kò bá kú, á pa bátìrì, á sì bọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní í gba ọ̀nà ìdí bàálù, torí abẹ̀bẹ̀ tó ń yí níbẹ̀ ń pààyàn.

Kí ló kan ẹni tó ń lọ àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ní Ṣakí, tàbí wẹ́dà tó ń lo jẹnẹrétọ̀ n'Ísẹ́yìn? Ó kàn wọ́n gan-an. Lásìkò ọyẹ́, iná kan ṣoṣo lè gba odidi ìsọ̀ lọ.

Àkọ́kọ́, epo ni kẹ́ ẹ tì kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Kí gbogbo ọmọọṣẹ́ yín mọ ibi tí wọ́n ti ń tì í. Ẹ má yí ẹ́ńjìnnì tiyín o, ti hẹlikọ́pítà nìyẹn.

Ìkejì, ẹ má rọ epo sí jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ṣì gbóná. Ẹ pa á, kó tutù. Kẹ́ẹ̀gì epo ò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọn.

Ìkẹta, ẹ má da omi sí iná bẹntiróòlù, torí orí omi lepo máa ń léfòó sí, iná á wá tàn kálẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ tàbí ẹ̀rọ ìpaná tó ń tú ìyẹ̀fun jáde ló dáa. Ẹ gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ẹ má gbé e sẹ́yìn ẹ̀rọ tó lè gbiná.

Bí iná bá ti ju agbára yín lọ, ẹ sá jáde. Awakọ̀ kì í dúró ti bàálù olówó ńlá, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ẹ̀rọ ìlọta.

Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wọ́n fi ra ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ bá jóná, gbèsè kì í bá a jóná. Ẹ fi owó ẹ̀rọ ìpaná kún owó tẹ́ ẹ máa yá, kẹ́ ẹ sì béèrè nípa ìbánigbófò. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.