Nígbà Tí Ọkọ̀ Ojú Omi Bá Ń Gun Òkè

Gbogbo wa la mọ̀ pé omi kì í ṣàn gòkè. Báwo wá ni ọkọ̀ ojú omi ṣe ń gun òkè nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Àwọn ìdílé tó ń lo ìsinmi lórí kánààlì níbẹ̀ ń fọwọ́ ara wọn ṣe é, tọmọdé tàgbà. Kánààlì tí à ń sọ yìí kì í ṣe gọ́tà ńlá tí a mọ̀ l'Ékòó o. Odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ni, kí ọkọ̀ lè máa fi kó ẹrù.

Ẹ jẹ́ ká mú Trent and Mersey Canal ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn amọ̀kòkò Staffordshire ló nílò rẹ̀ jù, torí ọ̀nà ìgbà náà kún fún kòtò, àwo sì máa ń fọ́ kó tó dọ́jà. Josiah Wedgwood, gbajúgbajà amọ̀kòkò, ló kọ́kọ́ gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1766. James Brindley ni ẹnjiníà.

Yàrá omi

Láti Cheshire dé Kidsgrove, ó lé ní 20 ibi tí ọkọ̀ ti ń gun àtẹ̀gùn omi. Àwa ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní yàrá omi: ògiri òkúta tàbí bíríkì, ilẹ̀kùn níwájú, ilẹ̀kùn lẹ́yìn. Ọkọ̀ á wọlé nísàlẹ̀, wọ́n á tilẹ̀kùn. Wọ́n á wá fi irin ọlọ́wọ́ kan ṣí ihò omi apá òkè. Omi á kún, á gbé ọkọ̀ sókè. Bí omi inú àti ti ìta kò bá tíì dọ́gba, kò sí agbára tó lè ṣí ilẹ̀kùn iwájú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìsọ̀kalẹ̀ ló léwu jù. Pèpéle òkúta kan wà lábẹ́ omi, nídìí ilẹ̀kùn apá òkè. Bí ìdí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sórí rẹ̀ tí omi ń fà, iwájú ọkọ̀ á máa rì lọ, ọkọ̀ sì lè dojú dé. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìdí ọkọ̀ kọjá sẹ́yìn àmì funfun tó wà létí yàrá náà. Kí ẹnì kan dúró ti ihò omi ìsàlẹ̀, kó má wo fóònù. Bí ọkọ̀ bá há, kó tì í kíákíá.

Abẹ́ òkè Harecastle

Òkè Harecastle ló wá dínà. Brindley ní kí wọ́n gbẹ́ ihò gba abẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kú lọ́dún 1772, wọn ò sì ṣí i títí di 1777. Ihò náà tóóró débi pé kò sáyè fún ẹṣin tó ń fa ọkọ̀. Ẹṣin á gba orí òkè. Àwọn èèyàn á dùbúlẹ̀ sórí ọkọ̀, wọ́n á máa fẹsẹ̀ ti ògiri nínú òkùnkùn. Ó lè gbà wọ́n tó wákàtí 3.

Thomas Telford gbẹ́ òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ṣí i lọ́dún 1827. Òun ni wọ́n ń gbà lónìí. Gígùn rẹ̀ lé ní mítà 2,600, ó ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Ọkọ̀ méjì kò lè pàdé nínú rẹ̀, nítorí náà òṣìṣẹ́ ló ń sọ ẹni tí yóò wọlé. Omi ẹnu rẹ̀ pupa rúsúrúsú nítorí irin tó wà nínú òkè náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kó ọmọ lọ bá ẹbí nílùú ọba, kò sí pé ẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ kẹ́ ẹ tó háyà ọkọ̀ fún ìsinmi. Wọ́n á kọ́ yín. Ọkọ̀ náà kì í sáré ju máìlì 4 láàárín wákàtí kan. Ṣùgbọ́n òmùwẹ̀ ni ń bómi lọ. Ẹ wọ ẹ̀wù àwọ̀léfòó fún àwọn ọmọ, kódà àwọn tó mọ̀wẹ̀. Kí wọ́n má sáré létí yàrá omi, kí wọ́n má sì na ọwọ́ tàbí orí síta nínú ihò. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn níṣẹ́ tiẹ̀: ẹni tí yóò ka yàrá omi, ẹni tí yóò máa wo àmì funfun. Ọmọ tó níṣẹ́ lọ́wọ́ kì í ráyè ṣeré ẹ̀gbẹ́ omi.