Kí Ooru Tó Dé: Bí Wọ́n Ṣe Ń Múra Iná Mànàmáná Sílẹ̀ ní Texas

Kò sí ìgbà tí àwọn ará Texas ń lo iná mànàmáná tó ọ̀sán oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹjọ ọdún 2023, láàárín aago márùn-ún sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, iná tí gíríìdì ìpínlẹ̀ náà, ìyẹn àpapọ̀ ẹ̀rọ àti wáyà tó ń gbé iná káàkiri, gbé dé 85,508 mẹ́gáwáàtì, iye tí kò dé rí títí di ọjọ́ náà. Ní òru ìgbà ìrúwé, nígbà tí atẹ́gùn bá tutù, ó lè máà ju nǹkan bí ìdajì iye yẹn lọ. Ẹ̀rọ amúlétutù ló fa ìyàtọ̀ náà. Ní Houston, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ṣe ilé, ooru ń bá ọ̀rinrin rìn, kì í sì í ṣe ohun tí abẹ̀bẹ̀ lè lé lọ. Àgbàlagbà tàbí aláìsàn tí amúlétutù ilé rẹ̀ bá kú fún ọjọ́ méjì wà nínú ewu ikú.

Kí iná má baà lọ ní irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti parí kí oṣù Kẹfà tó wọlé. Ohun tí wọn kò bá tún ṣe ní oṣù Kẹta, wọn kì í ráyè tún un ṣe ní oṣù Kẹjọ.

Àjọ tó ń darí gíríìdì náà ń jẹ́ ERCOT. Ọdún 1970 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ìkáwọ́ rẹ̀ sì ni nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá iná tí wọ́n ń lò ní Texas wà. Kò ní ilé ìpèsè iná kankan, kò sì ní wáyà. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ló ń pèsè iná. Àwọn mìíràn, bíi CenterPoint ní Houston àti Oncor ní agbègbè Dallas, ló ni òpó àti wáyà. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé títa iná fún onílé nìkan ni iṣẹ́ wọn. Láti yàrá ìdarí kan ní ìlú Taylor ni ERCOT ti ń mú kí gbogbo wọn rìn pọ̀. Gíríìdì náà dá dúró. Wáyà tó so ó mọ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó kù kò tó nǹkan, nítorí pé láti ọjọ́ pípẹ́ ni Texas kò ti fẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ máa pàṣẹ fún òun lórí ọ̀rọ̀ iná. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í rí púpọ̀ yá lọ́wọ́ aládùúgbò nígbà tí iná bá wọ́n.

Iná mànàmáná kò rọrùn láti rọ́ sí àká bí àgbàdo. Bí wọ́n ṣe ń pèsè rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń lò ó, láti ìṣẹ́jú-àáyá kan dé èkejì. Ní Amẹ́ríkà, iná inú wáyà ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní Nàìjíríà, ìgbà 50 ni. Iye yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ yàrá ìdarí ń tẹjú mọ́ tọ̀sán-tòru. Bí iná tí wọ́n ń lò bá ju èyí tí wọ́n ń pèsè lọ, àwọn ẹ̀rọ amúnáwá ńláńlá náà á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra, iye náà á sì wálẹ̀. Bí ó bá wálẹ̀ jù, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan á já ara rẹ̀ kúrò kí ó má baà bàjẹ́, ẹrù rẹ̀ á sì bọ́ sórí àwọn tó kù, títí gbogbo rẹ̀ á fi wó. Nígbà ìjì yìnyín oṣù Kejì ọdún 2021, iye náà wà lábẹ́ 59.4 fún ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú-àáyá 23. Bí ó bá pé ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni, gíríìdì náà ì bá ti wó pátápátá. Iná lọ ní ilé àti ibi iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì ka òkú 246. Òtútù ló fa tọdún náà, àmọ́ òfin tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀ kò yọ ooru sílẹ̀: àwọn ilé ìpèsè iná gbọ́dọ̀ máa fi hàn lọ́dọọdún pé ẹ̀rọ wọn lè fara da ìgbà méjèèjì, àwọn olùyẹ̀wò sì ń lọ síbẹ̀ láti fojú ara wọn rí i.

Ìṣirò ni ìmúrasílẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. ERCOT pín ìpínlẹ̀ náà sí ẹkùn ojú ọjọ́ mẹ́jọ, nítorí pé ooru etí òkun ní Houston yàtọ̀ sí ooru gbígbẹ ti ìwọ̀-oòrùn. Wọ́n ń wo bí ooru ṣe rí ní àwọn ọdún tó ti kọjá, iye ènìyàn tó ń ṣí wá, ilé tuntun, àti àwọn ilé kọ̀ǹpútà ńláńlá tó ń jẹ iná bí odidi ìlú kan. Ẹni tó ń ṣe ìṣirò yìí kì í wo ooru ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọjọ́ kẹta ooru ń gba iná ju ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ, bí ìwọ̀n ooru méjèèjì bá tilẹ̀ dọ́gba, torí pé ògiri àti òrùlé ti mu ooru ọjọ́ méjì sára.

Ìgbà ìrúwé àti ìgbà ìwọ́wé ni wọ́n ń pa àwọn ẹ̀rọ ńlá fún àtúnṣe, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò nílò òtútù tàbí ooru púpọ̀. Àwọn ilé iná átọ́míìkì méjì tó wà ní Texas, South Texas Project àti Comanche Peak, ń pààrọ̀ epo wọn ní oṣù méjìdínlógún-méjìdínlógún, wọ́n sì ń ṣètò rẹ̀ kí ó má bọ́ sí ìgbà ooru. Ẹ̀rọ tó ń lo gáàsì ní ìṣòro tirẹ̀: afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́lẹ́, nítorí náà iná tó ń mú jáde ń dín kù ní ọjọ́ tí wọ́n nílò rẹ̀ jù. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń fi omi tu afẹ́fẹ́ lára kí ó tó wọ inú ẹ̀rọ.

Wáyà pàápàá ń jìyà ooru. Bí iná púpọ̀ bá ń gba inú rẹ̀ kọjá lábẹ́ oòrùn, yóò gùn sí i, yóò sì rọ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹjọ ọdún 2003, àwọn wáyà ńlá ní Ohio rọ̀ kan igi tí wọn kò gé, ẹ̀rọ tó yẹ kó ta àwọn òṣìṣẹ́ lólobó kò sì ṣiṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, nǹkan bí 50 mílíọ̀nù ènìyàn ti wà láìní iná ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ ní Amẹ́ríkà àti ní Ontario ní Kánádà. Gígé ẹ̀ka igi lábẹ́ wáyà kò lórúkọ, kì í sì í wọ ìwé ìròyìn, àmọ́ iṣẹ́ díẹ̀ ló ṣe pàtàkì tó o.

Àwọn òṣìṣẹ́ tún ń gbé kámẹ́rà tó ń fi ooru hàn káàkiri. Ibi tí wáyà kò ti dì dáadáa á máa mọ́lẹ̀ yàtọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á sì dì í kó tó jóná. Tiransifọ́mà orí òpó gba ìṣọ́ra jù. Nínú rẹ̀ ni wáyà tí wọ́n fi bébà wé wà, tí òróró bò mọ́lẹ̀. Lọ́sàn-án ó ń gbóná. Lóru, bí àwọn ènìyàn bá dín iná kù, á tutù. Àmọ́ bí òru kò bá tutù fún ọ̀sẹ̀ kan, amúlétutù kì í sinmi, ooru àná á bá tòní nínú òróró náà, bébà á máa gbó, títí tí tiransifọ́mà náà á fi jó lọ́jọ́ kan. Àdúgbò tí ilé ti pọ̀ sí i ni wọ́n ń kọ́kọ́ pààrọ̀ tirẹ̀ sí èyí tó tóbi.

Wákàtí tó le jù ti kúrò ní ọ̀sán báyìí. Agbára oòrùn ti pọ̀ ní Texas, ó sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, oòrùn á ti máa wọ̀, àmọ́ ilé ṣì ń gbóná, àwọn ènìyàn sì ti dé láti ibi iṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, oòrùn ń wọ̀, atẹ́gùn kò fẹ́ tó, wáyà tó ń gbé iná láti gúúsù kò sì gbà ju ìwọ̀n kan lọ. Iye 60 náà já sí 59.77, ERCOT sì kéde ìpele kejì pàjáwìrì. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n mú iná lọ. Láti ìgbà náà, bátìrì ńláńlá ti pọ̀ gidigidi lórí gíríìdì náà. Ọ̀sán ni wọ́n ń gba iná, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tú u sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í pẹ́ ju wákàtí kan tàbí méjì lọ, àmọ́ wákàtí yẹn gan-an ni wàhálà wà. Ní ọdún 2023, léraléra ni wọ́n bẹ ará ìlú pé kí wọ́n dín iná kù. Ní ìgbà ooru ọdún 2024, wọn kò bẹ ẹnikẹ́ni.

Dídín iná kù jẹ́ ìmúrasílẹ̀ pẹ̀lú. Owó wáyà tí ilé-iṣẹ́ ńlá ń san dá lórí iná tó ń lò ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí gíríìdì ṣiṣẹ́ jù ní oṣù Kẹfà, Keje, Kẹjọ àti Kẹsàn-án. Nítorí náà àwọn kan ń dá iṣẹ́ dúró tí wọ́n bá ti fura pé àkókò náà ń bọ̀. Ní Austin àti San Antonio, ilé-iṣẹ́ iná tó jẹ́ ti ìlú ń dín owó fún onílé tó bá gbà kí wọ́n fi íntánẹ́ẹ̀tì dín agbára amúlétutù rẹ̀ kù díẹ̀ nírọ̀lẹ́. Àmọ́ èrè ètò yìí kò kan gbogbo ènìyàn bákan náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, Riot Platforms, ilé-iṣẹ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà wa bitcoin, gba ẹ̀dínwó iná tó tó 31.7 mílíọ̀nù dọ́là nítorí pé ó dín iná kù. Ọ̀pọ̀ onílé tó pa amúlétutù tirẹ̀ lóṣù kan náà kò gba kọ́bọ̀, èyí kò sì dára.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, ERCOT á pàṣẹ kí wọ́n máa mú iná lọ ní àdúgbò kan tẹ̀ lé òmíràn, kí gíríìdì má baà wó. Ilé ìwòsàn kì í sí nínú irú èyí. Ní ọjọ́ tí ìjọba bá kéde ooru líle, òfin Texas kò gbà kí wọ́n já iná onílé nítorí gbèsè. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀rọ mí nílé lè forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aláìsàn tí ẹ̀mí rẹ̀ wà lórí iná. Dókítà rẹ̀ ló máa bá a fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ni wáyà. Àǹfààní rẹ̀ ni pé wọ́n á fi tó onílé létí kí wọ́n tó já iná. Kò sọ pé iná kò ní lọ. Kí ilé tí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ bá wà yára wá bátìrì, tàbí ibi tí wọ́n lè gbé e lọ, kí oṣù Kẹfà tó dé.