Ọjọ́ Tó Wà Lára Fáìlì: Ṣé Ó Tó Ẹlẹ́rìí?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tẹ prójẹ́ẹ̀tì rí ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà l'Ìkọ̀tún tàbí l'Ìgàndó, ẹ máa mọ irú ìjà yìí. Oníbàárà mú fláàṣì dé, ó ní wọ́n ti ba iṣẹ́ òun jẹ́ láti àná. Ẹni tó ń tẹ̀wé ní òun kàn ṣí i wò ni, òun ò yí nǹkan kan padà. Ni wọ́n bá yíjú sí ọjọ́ àti aago tó wà lára fáìlì, pé kó wá jẹ́rìí.

Ẹlẹ́rìí yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran o. FAT32, ètò ìpamọ́ tó wà lórí ọ̀pọ̀ fláàṣì, ìṣẹ́jú àáyá méjì-méjì ló fi ń ka aago àtúnṣe. Ní ti ṣíṣí fáìlì, ọjọ́ nìkan ló ń kọ, kò kọ wákàtí rárá. Aago kọ̀ǹpútà tí wọ́n ki fláàṣì bọ̀ ló sì ń tẹ̀ lé. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ tí bátìrì kékeré inú rẹ̀ ti kú, gbàrà tí wọ́n bá mú iná lọ, aago rẹ̀ lè padà sí ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Fáìlì á sì bá a purọ́. Lórí Windows, tẹ́ ẹ bá da fáìlì kọ láti fláàṣì sínú kọ̀ǹpútà, ọjọ́ àtúnṣe ò ní yí padà, àmọ́ ọjọ́ ìdásílẹ̀ á di òní. Fáìlì tí wọ́n ti tún ṣe kí wọ́n tó bí i!

Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà ò kúkú kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ pérépéré? Ẹ wo Linux. Ó ní aago kan tó ń jẹ́ atime, ìyẹn ìgbà tí wọ́n ka fáìlì gbẹ̀yìn. Ẹ rò ó wò ná: bó bá gbọ́dọ̀ kọ aago tuntun nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá ka nǹkan, kíkà ti di kíkọ nìyẹn. Ẹ ka fáìlì 1,000, dísìkì á gba aago tuntun 1,000, láìyí lẹ́tà kan padà. Ní 2007, Ingo Molnar, ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ Linux, figbe ta lórí ẹ̀. Nígbà tí Linux 2.6.30 jáde ní 2009, ọgbọ́n kan tó ń jẹ́ relatime di ohun tó ń lò fúnra rẹ̀: tí atime tó wà nílẹ̀ bá ti wáyé lẹ́yìn àtúnṣe tó kẹ́yìn, kò ní kọ òmíràn àfi tó bá ti lé ní wákàtí 24. Ẹni tó ṣí fáìlì láàárọ̀ ló wọ ìwé; ẹni tó tún ṣí i lọ́sàn-án kàn kọjá lọ ni.

Aago àtúnṣe gan-an kì í dé orí dísìkì lójú ẹsẹ̀. Inú mẹ́mọ́rì ló kọ́kọ́ ń wà. Lórí ext4, ó lè tó ìṣẹ́jú àáyá 5 kó tó wọlé. Tí iná bá lọ l'Ẹ̀gbẹ́dá láàárín ìgbà yẹn tí kò sí UPS, aago tuntun náà bá iná lọ nìyẹn.

Òfin náà ò gba kọ̀ǹpútà gbọ́ bẹ́ẹ̀ lásán. Lára ohun tí abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ń béèrè ni pé kí kọ̀ǹpútà tí ìwé náà ti jáde ti máa ṣiṣẹ́ dáadáa lásìkò yẹn.

Ní ti oníbàárà wa, ẹ kọ́kọ́ wo aago kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù náà bóyá ó tọ̀nà. Tó bá tọ̀nà, ọjọ́ àtúnṣe ni kẹ́ ẹ gbé yẹ̀ wò, kì í ṣe ti ṣíṣí. Tó bá sì ti fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ímeèlì ara rẹ̀ ṣáájú, ẹ gbé méjèèjì síta, kẹ́ ẹ fi wọ́n wéra lẹ́tà sí lẹ́tà.