Ẹ̀kọ́ àti Owó Ìrànwọ́ fún Àwọn Tí Ó Fẹ́ Máa Kọ Eré Sinimá

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́ ní ìlú ńlá àti ní abúlé ni ó ní ìtàn nínú, tí wọ́n sì ń fẹ́ kí ìtàn náà di eré tí gbogbo ènìyàn yóò máa wò. Ìbéèrè tí ó máa ń wà lẹ́nu wọn kò ju méjì lọ. Èkíní ni pé, níbo ni a ti lè kọ́ iṣẹ́ yìí? Èkejì ni pé, ta ni yóò fún ni ní owó? Ìbéèrè méjèèjì ni ó ní ìdáhùn, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ṣáájú wọn. Ìtàn tí a kò tíì kọ sílẹ̀ kò lè gba owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tí òfin mọ̀ ní olúwa rẹ̀. Ìwé ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà.

ÌGBÀ TÍ ERÉ WÀ LÓRÍ AHỌ́N

Ní ayé àwọn eléré alárìnjò, kò pọn dandan pé kí eré wà nínú ìwé. Ọ̀gá ẹgbẹ́ a máa sọ bí ìtàn yóò ti lọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, olúkúlùkù wọn a sì máa fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Bí wọ́n bá ti ń kúrò ní ìlú kan bọ́ sí ìlú mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni eré náà yóò máa dán sí i. Báyìí ni àwọn ẹgbẹ́ eléré ti ṣe kí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959. Nígbà tí ó di ọdún 1976, sinimá Àjàní Ògún jáde, èyí tí Ola Balogun darí, tí Adeyemi Afolayan sì kó ipa pàtàkì nínú rẹ̀. Ní ọdún 1979 ni Hubert Ogunde gbé eré rẹ̀, Ayé, kúrò lórí ìtàgé sí inú sinimá.

Ṣùgbọ́n sinimá kì í ṣe eré orí ìtàgé. Lórí ìtàgé, bí òṣèré bá gbàgbé ọ̀rọ̀, ó lè fi orin dí àlàfo náà. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbi tí a ti ń ya sinimá. Ẹni tí ó ń ya àwòrán, ẹni tí ó ń tan iná, ẹni tí ó ń wá aṣọ, ẹni tí ó ń wá ilé tí a óò lò, àti ẹni tí ó ń ṣírò owó, gbogbo wọn ni ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀. A kì í sì í sábà ya sinimá ní ẹsẹẹsẹ bí ìtàn ti lọ. Ìran tí ó kẹ́yìn eré lè jẹ́ èyí tí a óò kọ́kọ́ yà, nítorí pé ilé tí a yá wà ní àrọ́wọ́tó ní ọjọ́ náà. Ìwé nìkan ni ó lè mú kí gbogbo wọn ní èrò kan ṣoṣo.

Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí wà nínú Ṣaworoidẹ, sinimá tí Tunde Kelani darí, tí ó sì jáde ní ọdún 1999. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akinwumi Isola ni ó kọ ìwé eré náà. Kí ó tó kọ ọ́, ó ti kọ ìwé ìtàn Ó Le Kú ní ọdún 1974, èyí tí òun náà di sinimá ní ọdún 1997. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré inú Ṣaworoidẹ kò ṣèèṣì dùn. Ẹni tí ó mọ èdè ni ó fi ara balẹ̀ kọ wọ́n kí a tó gbé ẹ̀rọ ìyàwòrán jáde.

BÍ ÌWÉ ERÉ TI RÍ

Ìwé eré sinimá yàtọ̀ sí ìwé ìtàn. Ìran ìran ni a pín in sí. Ní òkè ìran kọ̀ọ̀kan, òǹkọ̀wé yóò sọ nǹkan mẹ́ta: bóyá inú ilé ni tàbí ìta, ibi tí ó jẹ́ gan-an, àti bóyá ọ̀sán ni tàbí òru. Lẹ́yìn èyí ni yóò sọ ohun tí ojú yóò rí, kí ó tó kọ orúkọ ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ àti ọ̀rọ̀ tí ó sọ.

Òfin tí ó le jù fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni èyí: ohun tí ojú kò lè rí, tí etí kò sì lè gbọ́, kò ní ààyè nínú ìwé eré. Bí òǹkọ̀wé bá kọ ọ́ pé inú ìyá àgbà bàjẹ́ nítorí ọmọ rẹ̀ tí ó lọ sí òkè òkun, kò sí ẹ̀rọ tí ó lè ya ìbànújẹ́ náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ ọ́ pé ìyá àgbà bu oúnjẹ sí àwo méjì, tí ó wo àwo kejì títí, tí ó sì dá oúnjẹ inú rẹ̀ padà sínú ìkòkò, gbogbo ẹni tí ó bá wò ó ni yóò mọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀.

Àwọn oníṣẹ́ sinimá a máa ka ojú ìwé kan sí nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lójú sinimá, bí a bá tẹ̀ ẹ́ ní ìlànà tí wọ́n fi ẹnu kò sí. Nítorí náà, eré wákàtí kan ààbọ̀ yóò tó nǹkan bí 90 ojú ìwé. Yàtọ̀ sí odidi ìwé eré, òǹkọ̀wé ní láti ní ìwé kékeré méjì mìíràn. Ọ̀kan ni gbólóhùn kan tàbí méjì tí ó sọ ẹni tí ìtàn dá lé, ohun tí ó ń wá, àti ohun tí ó dínà mọ́ ọn. Èkejì ni àkópọ̀ ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kò ju ojú ìwé kan tàbí méjì lọ. Àwọn ìwé kékeré wọ̀nyí ni àwọn tí ó ń fúnni ní owó sábà máa ń kọ́kọ́ kà. Bí wọn kò bá dùn, wọn lè má ṣí ìwé ńlá rárá.

IBI TÍ A TI Ń KỌ́ IṢẸ́ NÁÀ

Ọ̀nà ẹ̀kọ́ pín sí mẹ́ta. Ọ̀nà kìíní ni ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ eré ní Yunifásítì Ìbàdàn ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, irú rẹ̀ sì wà ní Yunifásítì Ọbafẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ pẹ̀lú dá ilé iṣẹ́ sinimá tirẹ̀ sílẹ̀ nípa òfin ọdún 1979. Ilé iṣẹ́ náà ni ó dá ilé ẹ̀kọ́ sinimá sílẹ̀ ní ìlú Jos ní ọdún 1995. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí ní láti yege nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá, kí ó sì ní owó ilé ẹ̀kọ́.

Ọ̀nà kejì ni ẹ̀kọ́ ìgbà kúkúrú tí àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni ń ṣe. Ní ọdún 2018, ilé iṣẹ́ MultiChoice bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́dún kan ní Èkó, ní Nairobi àti ní Lusaka. Ogún akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ mú sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìgba owó ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 2021, ilé iṣẹ́ EbonyLife náà bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ kan pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, ìwé eré kíkọ sì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀. Irú ẹ̀kọ́ báyìí a máa ní àkókò tí wọ́n ń gba ìwé ìbéèrè. Ẹni tí ó bá dúró de ìgbà tí ìkéde bá jáde kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé eré rẹ̀ yóò rí i pé ọjọ́ ti lọ.

Ọ̀nà kẹta ni iṣẹ́ kíkọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti ń ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèré ní ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń gba ọmọ iṣẹ́, wọ́n sì ń fún wọn ní òmìnira. Ọ̀nà yìí dára, nítorí pé ọmọ iṣẹ́ a máa fi ojú ara rẹ̀ rí i bí ọ̀rọ̀ inú ìwé ti ń di àwòrán. Ṣùgbọ́n kí ọmọ iṣẹ́ tí ó fẹ́ jẹ́ òǹkọ̀wé wí i fún ọ̀gá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé ẹrù gbígbé nìkan ni yóò fi ọdún mẹ́ta ṣe.

OWÓ ÌRÀNWỌ́ ÀTI OWÓ ÀYÁLÒ

Ó yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ láàrin owó méjì. Owó ìrànwọ́ ni èyí tí a kì í san padà, bí a bá ti ṣe iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ gbà á. Owó àyálò ní èlé, ó ní ọjọ́ sísan, ó sì lè ní onídùúró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń gbọ́ pé ìjọba fẹ́ fi owó ran àwọn eléré lọ́wọ́, tí wọn kì í béèrè irú èyí tí ó jẹ́.

Ní ọdún 2013, ìjọba àpapọ̀ ya bílíọ̀nù mẹ́ta náírà sọ́tọ̀ fún ìrànwọ́ iṣẹ́ sinimá. A pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: ẹ̀kọ́ àwọn oníṣẹ́, ṣíṣe sinimá, àti títà rẹ̀. Ní ọdún 2019, ilé ìfowópamọ́ àgbà, Central Bank, pẹ̀lú àwọn báńkì yòókù gbé ètò mìíràn kalẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe sinimá lè yá tó mílíọ̀nù 50 náírà, èlé rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju 9 nínú 100 lọ lọ́dún. Owó àyálò ni èyí. Kì í ṣe fún ẹni tí ó ń kọ ìwé lọ́wọ́, bí kò ṣe fún ilé iṣẹ́ tí ó ti múra tán láti ya sinimá. Irú ètò báwọ̀nyí a máa dé, a sì máa lọ pẹ̀lú ìjọba tí ó gbé e kalẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọkàn sí ìkéde àtijọ́ láìkọ́kọ́ wádìí bóyá ètò náà ṣì ń lọ.

Owó tí ó bá òǹkọ̀wé mu jù lọ ni èyí tí a fi ń ràn án lọ́wọ́ láti kọ ìwé. Ní ìlú Rotterdam, ní ilẹ̀ Netherlands, àpò owó kan wà tí a ń pè ní Hubert Bals Fund, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1988. Ó wà fún àwọn oníṣẹ́ sinimá ilẹ̀ Áfíríkà, Éṣíà, Látìn Amẹ́ríkà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, 10,000 owó Euro ni ó ń fi ran iṣẹ́ kan lọ́wọ́ kí ìwé eré rẹ̀ lè parí. Ìdíje náà wà pẹ̀lú. Ní ọdún 2021, UNESCO àti ilé iṣẹ́ Netflix ké sí àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà pé kí wọ́n mú ìtàn àtẹnudẹ́nu ilẹ̀ wọn wá, kí wọ́n sì sọ ọ́ di ọ̀tun. Àwọn mẹ́fà ni wọ́n yàn. Olúkúlùkù gba 25,000 dọ́là, wọ́n sì ya 75,000 dọ́là sọ́tọ̀ fún ṣíṣe sinimá rẹ̀. Korede Azeez, ọmọ Nàìjíríà, wà lára wọn. Sinimá rẹ̀, tí ó ní àkọlé ní èdè Hausa, jáde pẹ̀lú àwọn yòókù ní ọdún 2023. Èyí fi hàn pé ìtàn abẹ́lé àti èdè abínibí kì í ṣe ìdènà. Ohun tí wọ́n ń wá gan-an nìyẹn.

Ẹ̀TỌ́ ÒǸKỌ̀WÉ

Kí á ní ọ̀dọ́mọbìnrin kan sọ ìtàn rẹ̀ fún aṣesinimá kan, láìkọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ó rí ìtàn náà ní ọjà, orúkọ ẹlòmíràn ni ó sì wà lára rẹ̀. Bí ó bá lọ sí ilé ẹjọ́, kí ni yóò gbé kalẹ̀? Òfin kì í dáàbò bo èrò tí ó wà nínú orí. Iṣẹ́ tí a ti kọ sílẹ̀ tàbí tí a ti gbà sílẹ̀ ni ó ń dáàbò bò.

Òfin tuntun tí ó wà fún ẹ̀tọ́ àwọn òǹkọ̀wé ní Nàìjíríà ni ti ọdún 2022, tí Ààrẹ fi ọwọ́ sí ní oṣù kẹta, ọdún 2023. Gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, ẹ̀tọ́ náà wà títí òǹkọ̀wé yóò fi kú, àti fún 70 ọdún lẹ́yìn rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ọmọ àti ọmọ-ọmọ lè jẹ nínú rẹ̀. Ẹ̀tọ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí a ti kọ ìwé náà, kò dìgbà tí a bá lọ fi orúkọ sílẹ̀. Síbẹ̀, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń jẹ́ Nigerian Copyright Commission a máa gba àkọsílẹ̀ iṣẹ́ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé tí ó bá fẹ́, èyí sì lè jẹ́ ẹ̀rí ní ọjọ́ ìjà. Ìtàn Ìjàpá kì í ṣe ti ẹnì kan, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí òǹkọ̀wé gbà kọ ọ́ jẹ́ tirẹ̀. Bí ó bá fẹ́ gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, inú ìwé ni àdéhùn náà gbọ́dọ̀ wà. Kí ó wá agbẹjọ́rò tàbí olùkọ́ kan tí yóò kà á fún un kí ó tó fi ọwọ́ sí i.

Ẹ ṢỌ́RA

Níbi tí oyin bá wà, eṣinṣin kì í jìnnà síbẹ̀. Àwọn gbájúẹ̀ wà tí wọn yóò ní kí ènìyàn san owó kí wọ́n tó fún un ní owó ìrànwọ́, tàbí kí ó fi nọ́ńbà àṣírí ilé ìfowópamọ́ rẹ̀ ránṣẹ́. Ìdíje mìíràn lè gba owó díẹ̀ fún ìwé ìbéèrè, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní kí o san owó kí o lè gba ẹ̀bùn tí o ti jẹ, olè ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́ ìkéde kan, kí ó wò ó lójú íńtánẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é gan-an, kí ó má ṣe gbára lé èyí tí a fi ránṣẹ́ sí i lórí fóònù.

Ìwé àjákọ kan àti bírò kan kò wọ́n. Ẹni tí ó bá ń kọ ojú ìwé kan lójúmọ́ yóò ní odidi ìwé eré lọ́wọ́ láàrin oṣù mẹ́ta. Kí ó kà á sí etí àwọn ará ilé àti àwọn ọ̀rẹ́. Kí ó ṣe àkíyèsí ibi tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín àti ibi tí oorun ti ń kùn wọ́n, kí ó sì tún un kọ. Nígbà tí ìkéde ẹ̀kọ́ tàbí ti owó bá dé, yóò bá a nílé pẹ̀lú iṣẹ́ lọ́wọ́. Àtètèmúra ni kì í jẹ́ kí ogun jánilé.