Ta Ni Yóò Jíhìn Fún Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìjọba?

Ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni ó kún ẹnu àwọn ènìyàn ní ìgboro. Bí a dé ọjà, a ó gbọ́ ọ; bí a dé ìdíkọ̀, a ó gbọ́ ọ; bí a sì jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi, àwọn àgbà ìjọ yóò ti dúró lábẹ́ igi tí wọn yóò máa sọ ọ́. Wọ́n ní ọmọ tí ó ti lo ọdún mẹ́fà gbáko níbẹ̀ kò lè ka ohun tí a kọ sára páálí oògùn fún ìyá rẹ̀ tí ń ṣàìsàn. Àwa náà ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, a kò sì lè sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa.

Ìyá kan tí ń ta aṣọ, tí ó mọ̀ wá dáradára, pè wá wọ ìsọ̀ rẹ̀ láìpẹ́ yìí, ó ní: "Akọ̀wé, ẹ bá mi kọ èyí sínú ìwé yín. Tíṣà tí ọmọ kò bá mọ̀wé lábẹ́ rẹ̀, kí ìjọba má ṣe sanwó fún un. Ọmọ mélòó ni ó yege? Iye wọn ni kí wọ́n fi ṣírò owó rẹ̀. Bí a ti ń ṣe níbí nìyẹn: ẹni tí kò tà, kò ní jẹ èrè." Àwọn tí ó jókòó lọ́dọ̀ rẹ̀ mi orí, wọ́n ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àwa kò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà dùn létí. A tọrọ ààyè pé kí a lọ yẹ ìwé wò. Èsì tí a rí nìyí.

Ìyá wa, oògùn tí ẹ júwe yìí kì í ṣe tuntun. Ó ti ju ọgọ́jọ ọdún lọ tí wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1861, ìgbìmọ̀ kan tí Duke ti Newcastle jẹ́ alága rẹ̀ fi ìròyìn lélẹ̀ lórí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn mẹ̀kúnnù. Wọ́n ní owó ìjọba ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń jáde láìmọ ìwé kà dáradára. Ní ọdún 1862 ni Robert Lowe, ẹni tí ètò ẹ̀kọ́ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, gbé òfin tuntun jáde. Owó tí ilé-ẹ̀kọ́ lè gbà lórí ọmọ kan láàrin ọdún jẹ́ ṣílè méjìlá. Mẹ́rin nínú rẹ̀ jẹ́ ti wíwá sí ilé-ẹ̀kọ́ déédéé. Mẹ́jọ tí ó kù wà lọ́wọ́ ìdánwò: Alábẹ̀wò yóò wá, yóò pe ọmọ kọ̀ọ̀kan jáde, yóò yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò, èyíkéyìí tí ọmọ bá kùnà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣílè méjì àti kọ́bọ̀ mẹ́jọ ti bọ́ nìyẹn. Ipele mẹ́fà ni wọ́n pín ẹ̀kọ́ náà sí, wọ́n sì pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní Standard. Ibẹ̀ ni Sítáńdáàdì Mẹ́fà tí àwọn baba wa fi ń yangàn ti ṣẹ̀ wá. Lowe ṣèlérí fún Ilé Ìgbìmọ̀ pé bí ètò náà kò bá dín owó kù, yóò mú iṣẹ́ dára; bí kò bá sì mú iṣẹ́ dára, yóò dín owó kù. Owó dín kù lóòótọ́.

Kí ni àwọn olùkọ́ ṣe? Wọ́n ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ìbá ṣe bí oúnjẹ ọmọ rẹ̀ bá wà lórí rẹ̀. Wọ́n kọ́ ọmọ ní ohun tí Alábẹ̀wò yóò bi í, ìyókù sì bọ́ sí ẹ̀yìn, nítorí kò mú owó wá. Àwọn ọmọ há ìwé kíkà sórí láti páálí dé páálí, tó bẹ́ẹ̀ tí òmíràn fi lè dorí ìwé kodò kí ó sì máa kà á lọ geere. Matthew Arnold, akéwì tí ó tún jẹ́ Alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ fún ọdún márùndínlógójì, kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé eré ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni ètò náà ti dà, nínú èyí tí olùkọ́ ń kọ́ bí yóò ti borí Alábẹ̀wò. Wọn kò tètè gbọ́ tirẹ̀. Ọdún 1890 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ètò náà palẹ̀, ó sì di ọdún 1897 kí ó tó kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá.

Ṣùgbọ́n kí ó tó kú níbẹ̀ ni ó ti gúnlẹ̀ sí Èkó. Ní ọdún 1882, nígbà tí a so Èkó pọ̀ mọ́ Gold Coast, èyí tí í ṣe Gánà nísinsìnyí, òfin ẹ̀kọ́ tí ó jáde gbé owó ìrànlọ́wọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́nnì ka orí èsì ìdánwò. Èkó dá dúró ní 1886. Òfin tirẹ̀ ti ọdún 1887 kò sì yí èyí padà. Kíkà àti kíkọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń mú owó wá; èdè Yorùbá kò mú kọ́bọ̀ kan wá, àwọn oníwèé ìròyìn ìgbà náà sì fi ẹ̀hónú hàn. Alábẹ̀wò kan ṣoṣo, Àlùfáà Metcalfe Sunter, ni wọ́n yàn fún Sàró, Gáḿbíà, Gold Coast àti Èkó lápapọ̀. Ẹ rò ó wò ná: ọkùnrin kan, tí ń fi ọkọ̀ ojú omi káàkiri etíkun, ni yóò sọ iye tí olùkọ́ kan ní Èkó yóò jẹ! Ó di ọdún 1889 kí a tó fi Henry Carr, ọmọ Èkó, ṣe igbákejì Alábẹ̀wò níhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a yà díẹ̀. Àwa náà ti jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ní nǹkan bí ọdún 1990, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a kò ní í dárúkọ. Nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí àwọn alábẹ̀wò dé, wọ́n rán wa lọ yá bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ó wà nítòsí. Ìbéèrè tí wọn yóò bi wá, a ti dáhùn rẹ̀ lánàá. Àwọn tí ọpọlọ wọn kò yá, wọ́n ní kí wọ́n jókòó sílé ní ọjọ́ náà. Àwọn àlejò wá, wọ́n yìn wá, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ilé-ẹ̀kọ́ náà dára, wọ́n sì lọ. Ní ọjọ́ kejì àwa ni a ru bẹ́ǹṣì padà. Ọ̀rẹ́ wa kan wà lára àwọn tí a ní kí ó jókòó sílé. Kò padà wá mọ́. Ó ti mọ ohun tí wọ́n kà á sí.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ayé ti là ju èyí lọ, kí ó wo Amẹ́ríkà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2002, Ààrẹ George W. Bush fọwọ́ sí òfin kan tí ó ní kí gbogbo ọmọ láti kíláàsì kẹta títí dé ìkẹjọ máa ṣe ìdánwò lọ́dọọdún, àti pé nígbà tí ó bá di ọdún 2014 kí gbogbo wọn pátá mọ ìwé àti ìṣirò dé ìwọ̀n. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá bá a mu yóò jìyà. Ní ìlú Atlanta, èsì ìdánwò ọdún 2009 dára jù, ìwé ìròyìn ìlú náà sì fura. Àwọn olùwádìí ka ibi tí a ti fi rọ́bà pa ìdáhùn tí kò tọ́ rẹ́, tí a sì fi èyí tí ó tọ́ rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ìròyìn wọn jáde ní 2011, wọ́n rí jìbìtì nínú ilé-ẹ̀kọ́ 44 nínú 56 tí wọ́n yẹ̀ wò, ó sì kan olùkọ́ àti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ 178. Àwọn kan tilẹ̀ pàdé pọ̀ ní ilé ẹnìkan ní òpin ọ̀sẹ̀ láti jọ pa ìdáhùn rẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ilé-ẹjọ́ dá àwọn mọ́kànlá lẹ́bi. Ní oṣù kejìlá ọdún náà ni òfin mìíràn rọ́pò èyí tí ó fa gbogbo wàhálà náà. Àwọn ọmọ tí a pa ìdáhùn wọn rẹ́ kò mọ̀wé ju bí wọ́n ti wà lọ, nítorí lórí ìwé, wọ́n ti yege. Ta ni yóò tún máa kọ́ ẹni tí ó ti yege?

A kò sọ nítorí èyí pé kí a má ṣe bi olùkọ́ léèrè. Tíṣà tí ń ta bùrẹ́dì ní ọjà nígbà tí aago ilé-ẹ̀kọ́ ti lù, àwa kò ní ọ̀rọ̀ rere láti sọ nípa rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ìsàlẹ̀ nìkan ni a ti ń béèrè ìjíhìn láti ọjọ́ yìí wá. Ìyá wa, bí ẹ bá fi ọmọbìnrin kan sí ìsọ̀, tí ẹ kò kó aṣọ kan sí i, ṣé ẹ ó béèrè owó ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́? Ẹ̀yin fúnra yín kì í wo iye tí ó wà nínú ìwé nìkan. Ẹ máa ń ka aṣọ tí ó wà lórí pẹpẹ.

Ọ̀rọ̀ pé ìwé ti bàjẹ́ pàápàá kò bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n jẹ́ 456,600 ní ọdún 1954 di 811,432. Iṣẹ́ ńlá ni, a kò sì ní í gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa di ọdún 1960, àwọn òbí ti ń kùn, ìjọba sì yan Ìgbìmọ̀ Banjo. Wọ́n rí i pé àìtó olùkọ́ tí ó kọ́ṣẹ́ wà lára ohun tí ó fà á.

Nísinsìnyí, ẹ fetí sí ti Ùgáńdà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ń lọ. Láàrin ọdún 1991 sí 1995, ìjọba ibẹ̀ ń fi owó ránṣẹ́ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iye ọmọ wọn. Nígbà tí àwọn olùwádìí tọpasẹ̀ owó náà, wọ́n rí i pé nínú ṣílè ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí mẹ́tàlá péré ni ó dé ilé-ẹ̀kọ́. Ìyókù há sí ọ́fíìsì àwọn àgbègbè. Wọn kò lé tíṣà kankan nítorí èyí. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iye tí ó fi ránṣẹ́ sí àgbègbè kọ̀ọ̀kan jáde nínú ìwé ìròyìn, ó sì pàṣẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ máa lẹ iye tí ó wọlé mọ́ ara ògiri kí gbogbo òbí lè kà á. Nígbà tí ó di ọdún 2001, ó ju ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ tí ń dé ibi tí a rán an. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn bóyá ìwé ìròyìn nìkan ni ó ṣe é, nítorí ìjọba tún àwọn ètò mìíràn ṣe ní àkókò náà. Ó yẹ kí wọ́n jiyàn. Síbẹ̀ àwa tí ń kọ ìwé ìròyìn kò lè ṣe aláìyọ̀ díẹ̀.

Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2004 sọ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án di ọ̀fẹ́ àti dandan. Ó ní kí Ìjọba Àpapọ̀ yọ ó kéré tán ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ fún un. Ìpínlẹ̀ tí yóò gbà nínú rẹ̀ láti fi kọ́ ilé tàbí ra àga gbọ́dọ̀ mú tirẹ̀ náà wá. Léraléra ni a ti ń kà á pé àwọn ìpínlẹ̀ kan kò mú tiwọn wá, tí owó náà sì sùn sí Àbújá, nígbà tí òjò ń kán sórí ọmọ nínú kíláàsì. Kò sí ìdánwò tí à ń ṣe fún gómìnà. Kò sí Alábẹ̀wò tí ń pe alága ìjọba ìbílẹ̀ jáde láti bi í pé: mélòó ni o gbà, mélòó ni o ná, ibo ni ìyókù wà?

A kó gbogbo èyí tọ ìyá aláṣọ lọ. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Ó ní òun kò tíì yí ọ̀rọ̀ òun padà lórí tíṣà tí ń ta bùrẹ́dì. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè ọjọ́ tí ìpàdé àwọn òbí yóò wáyé ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń lọ. Ọjọ́ ọjà ni ó bọ́ sí. Ó ní kò burú, òun yóò ti ìsọ̀ pa. Òun yóò bi ọ̀gá ilé-ìwé iye tí ó wọlé ní sáà yìí àti ọwọ́ ẹni tí ó ti wá, òun yóò sì ní kí ó kọ ọ́ sára ògiri níwájú gbogbo ènìyàn. Ó ní kí àwa bá òun lọ láti kà á. A ti gbà.