Òwò Ohun Èlò Eyín: Ohun Tí Ojú Wa Rí

Àwọn àgbà wa ti ń fi orín fọ eyín kí búrọ́ọ̀ṣì tó dé, ṣùgbọ́n eyín tó ti jẹrà kò ṣe é fi orín wò sàn. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àwọn tí àìsàn ẹnu ń bá jà láyé sún mọ́ bílíọ̀nù 3.5. Àwọn ará ilé tiwa náà wà nínú wọn.

Àwa mẹ́ta la dá òwò yìí sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Ọ̀kan nínú wa ti ṣiṣẹ́ rí nílé ìwòsàn eyín kan lọ́nà Kétu. Ó sọ fún wa bí ìyá àgbà kan ṣe dé pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú: oníṣègùn wà níkàlẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí yíyọ eyín dun ènìyàn ti tán. Wọ́n ní kí ìyá padà wá lọ́jọ́ kẹta. Ọ̀rọ̀ náà ká wa lára. A kó owó jọ. Ọ̀kan nínú wa tilẹ̀ fi owó tó fẹ́ fi kọ́lé sí i.

Àṣìṣe wa àkọ́kọ́ ni pé ohun tó wu ojú wa la rà. A kó ohun tí ń sọ eyín di funfun àti irinṣẹ́ dídán jọ, nígbà tó jẹ́ pé ìbọ̀wọ́, òwú, abẹ́rẹ́ àti ohun tí a fi ń dí ihò eyín ni àwọn oníṣègùn ń béèrè.

Ooru ló tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ oògùn abẹ́rẹ́ eyín kò fẹ́ kí ooru ju ìwọ̀n 25 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ooru a sì máa ba ohun ìdíyín tí iná búlúù ń mú le jẹ́. Abẹ́ òrùlé páánù la kó wọn sí. Nígbà tí iná lọ fún ọjọ́ méjì lásìkò ẹ̀rùn, páálí púpọ̀ di ohun ìdànù.

Owó náà kò gbẹ́yìn. Yúrò kan kì í kọjá 655.957 fúráǹkì sẹ́fà, nítorí a ti so méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n dọ́là la fi ń ra ọjà láti Ṣáínà, dọ́là kì í sì í dúró lójú kan. Ẹrù wa há ní èbúté Kútọnu nítorí ìwé kan tí àwa fúnra wa kò ṣe pé. Owó ìkẹ́rùsí sì ń gorí ara wọn lójoojúmọ́. Ìyókù, a tà á láwìn, ojú sì ń tì wá láti sin gbèsè.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹni tó fi owó ilé rẹ̀ sílẹ̀ ní òun kò ṣe mọ́. A kò bínú sí i. A ṣèlérí láti san owó rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀.

Àwa méjì tó kù ti ṣọ́ọ̀bù pa, a mú ìwé lọ́wọ́, a ń bi àwọn oníṣègùn léèrè ohun tó ń tètè tán lọ́dọ̀ wọn. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà: láti Kétu títí dé Ṣábẹ̀ẹ́, tó lé ní 200 kìlómítà sí Kútọnu, àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ń pa ohun tí wọ́n fẹ́ pọ̀, àwa sì ń rà á lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ń sanwó lórí fóònù kí ẹrù tó wọ takisí. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni oògùn ń rìn, nínú àpótí oníyìnyín.

A kò tíì lówó. Ṣùgbọ́n a ti san owó ọ̀rẹ́ wa tán, ó sì ti fi ìpìlẹ̀ ilé rẹ̀ lélẹ̀. Ní ilé ìwòsàn ọ̀nà Kétu yẹn, láti ìgbà tí a ti ń bá wọn rà á, wọn kò tún dá aláìsàn padà nítorí abẹ́rẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó fẹ́ dáwọ́ lé òwò, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò rà á kí ẹ tó ná owó yín. Bí a bá ti béèrè ni, ilé ọ̀rẹ́ wa ì bá ti gba òrùlé.