Fóònù ti di kíláàsì fún ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí: Báwo ni wọ́n ṣe lè mọ ẹ̀kọ́ tó yẹ kí wọ́n gbà?

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn káàkiri Nàìjíríà, tí iṣẹ́ òru bá rọlẹ̀ díẹ̀, fóònù ni nọ́ọ̀sì máa ń mú sọ́wọ́. Láàárín àwòrán ìgbéyàwó àti ìròyìn òṣèlú lójú òpó Facebook tàbí X, ó lè ṣàdédé rí ìwádìí tuntun nípa iṣẹ́ rẹ̀, láì sí ẹni tó pè é sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan.

Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lè gba ẹ̀mí là, ó sì lè pa èèyàn. Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì fi èyí hàn.

Oògùn chloroquine, ọdún 2020

Ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹta ọdún 2020, Ààrẹ Donald Trump ti Amẹ́ríkà yin oògùn ibà chloroquine gẹ́gẹ́ bí èyí tó lè wúlò fún Covid-19. Ọ̀rọ̀ náà tàn ká ayélujára.

Kò pẹ́ tí àwọn aláṣẹ ìlera fi kéde ní Eko pé àwọn kan ti lo oògùn náà lálòjù, tí wọ́n sì gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Twitter kan náà ni àjọ NCDC lò láti ṣàlàyé pé WHO kò fọwọ́ sí chloroquine fún àrùn náà.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lẹ́yìn ìbímọ, ọdún 2023

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine gbé àbájáde ìwádìí E-MOTIVE jáde. Ilé ìwòsàn 80 ló kópa ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti South Africa, àwọn obìnrin tó bímọ níbẹ̀ sì lé ní 200,000. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hadiza Galadanci láti Kano wà lára àwọn tó darí rẹ̀.

Wọ́n tẹ́ ọ̀rá tó ní àmì ìwọ̀n sábẹ́ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí wọ́n lè mọ iye ẹ̀jẹ̀ tó ń dà. Tó bá ti pọ̀ jù, wọn kì í dúró dán ìtọ́jú wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: wọ́n á fọwọ́ ra ilé ọmọ, wọ́n á fún un ní oògùn, wọ́n á fa omi sí i lára, wọ́n á sì yẹ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá wò, lẹ́ẹ̀kan náà.

Báyìí ni wọ́n ṣe rí 93% àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn. Níbi tí wọ́n ti lo ìlànà àtẹ̀yìnwá, 51% péré ni. Ewu pé ẹ̀jẹ̀ tó tó lítà kan yóò dà, tàbí pé ó máa yọrí sí iṣẹ́ abẹ tàbí ikú, fi 60% dín kù.

Kí ló yà wọ́n sọ́tọ̀?

Lójú fóònù, àtẹ̀jíṣẹ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìkejì ní orísun: ẹni tó ṣe é, ibi tó ti ṣe é, iye èèyàn tó ṣe é fún. Ojú òpó kì í fi èyí tó jẹ́ òótọ́ síwájú. Èyí tí àwọn èèyàn ń tẹ̀ jù ló ń fi síwájú.

Ìdí nìyí tó fi dára kí òṣìṣẹ́ ìlera fúnra rẹ̀ yan orísun tí yóò máa kà. Áàpù tó ń kó ìròyìn jọ, bíi Feedly, lè ṣe èyí. PubMed náà gbà kí èèyàn tẹ̀lé àkòrí kan, kí ìwádìí tuntun máa wá bá a.

Ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ti Twitter pa láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 di oṣù Kìíní ọdún 2022, ẹni tó gbára lé e nìkan pàdánù kíláàsì rẹ̀.

Mímọ̀ kọ́ ni ṣíṣe

Ẹ̀kọ́ orí fóònù kò rọ́pò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí àjọ àwọn nọ́ọ̀sì ń béèrè kí wọ́n tó tún ìwé àṣẹ iṣẹ́ ṣe. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni dá ìtọ́jú aláìsàn yí padà nítorí ohun tó kà lóru.

Oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni WHO tó gbé ìlànà jáde lórí wíwọn ẹ̀jẹ̀ yìí. Ẹni tó ti rí ìwádìí náà láti oṣù Karùn-ún ní oṣù méje láti bi mètírọ́ọ̀nù rẹ̀ léèrè pé: Mà, ṣé à ń wọn ẹ̀jẹ̀ yìí ni, àbí ojú la fi ń díwọ̀n rẹ̀?